Áńtẹ́nà Tó Fẹ̀gbẹ́ Lélẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń gé bàbà. Kì í ṣe bàbà tí wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́, kì í sì í ṣe ti ìkòkò. Bàbà tirẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé, ó lẹ̀ mọ́ ojú pátákó tín-ínrín, ohun tí ó sì ń fi ṣe ni áńtẹ́nà, irú èyí tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wáyà kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìlú kan tó wà nínú àfonífojì ni ọkùnrin náà ń gbé. Òkè yí ìlú náà ká. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n tó rí bí egungun ẹja ni ó máa ń so mọ́ orí ọparun fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí ayé yí padà, òun náà bá a yí, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí tó pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá bá a níbi iṣẹ́ yóò rò pé ọmọ ilé-ìwé ni, tó ń ya àwòrán onígun mẹ́rin: rúlà lọ́wọ́ ọ̀tún, abẹ lọ́wọ́ òsì, ahọ́n tó yọ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

Bí ènìyàn bá bi í léèrè bí iṣẹ́ náà ṣe rí, àlàyé rẹ̀ kì í gùn. Á ní, “Ìgbì rédíò dà bí ẹni tó ń rìn. Oníkálukú ló ní ìṣísẹ̀ tiẹ̀. Bí mo bá ti mọ bí ìṣísẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ ṣe gùn tó, ìdajì ẹ̀ ni mo máa gé bàbà mi sí. Bí mo bá gé e gùn jù, kò ní dá àlejò ẹ̀ mọ̀. Bí mo bá gé e kúrú jù, ọ̀rọ̀ kan náà ni.”

Bí ẹni náà bá ṣì dúró, á fi kún un pé pátákó tí bàbà lẹ̀ mọ́ náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé kì í jẹ́ kí ìgbì yan bó ṣe fẹ́. Ẹni tó ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀ kì í gbé ẹsẹ̀ jìnnà bí ẹni tó ń rìn lórí títì. Ìdí nìyí tí bàbà rẹ̀ fi máa ń kéré ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹyọ kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Mẹ́rìndínlógún irú rẹ̀ ni ó máa ń tò sí ojú pátákó kan, mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, létòlétò bí ihò ayò. Bàbà kan tó tẹ́ lọ gbalasa máa ń wà lẹ́yìn wọn, tí yóò máa darí gbogbo rẹ̀ sí iwájú. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ike funfun bò ó kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì.

Ohun kan tún wà tí ó fẹ́ràn láti máa sọ. “Áńtẹ́nà kì í fi agbára kún agbára. Ẹni tó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu láti pe ará oko kò ní ohùn ju èyí tó ní tẹ́lẹ̀. Ó kàn kó o jọ sójú kan ni.” Ó máa ń sọ èyí fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí ènìyàn mọ̀ lẹ́nu, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó máa ń rántí nílé ara rẹ̀.

Ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan, Abọ́sẹ̀dé. Ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí lé e. Bàbá rẹ̀ ti bá a wá àyè sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà nínú ìlú. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kékeré kan wà lórí òkè, ní òdìkejì àfonífojì, níbi tí kò sí dókítà, tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ kìkì òkúta àti gegele. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ní òun ń lọ. Bàbá kò gbà. Ó pariwo ní òwúrọ̀, ó pariwo ní ìrọ̀lẹ́. Abọ́sẹ̀dé fetí sílẹ̀ títí ó fi parí, ó di ẹrù rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Láti ìgbà náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í jinná. Abọ́sẹ̀dé kì í gbé ohùn sókè. Bàbá rẹ̀ kì í rẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ti dà bíi pé ọmọ náà kò gba ohun tí ó wí, ńṣe ni yóò tún un wí pẹ̀lú ariwo tó ju ti àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọ náà ní, “Bàbá mi, mò ń gbọ́ ohùn yín o. Ọ̀rọ̀ yín ni mi ò gbọ́.”

Bàbá rò pé àrífín ni. Ó pa fóònù.

Ní ọdún kẹta, ilé ìwòsàn orí òkè náà rí ẹ̀rọ kan gbà, èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún. Ẹ̀rọ dé, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka àwòrán rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Dókítà kan nínú ìlú gbà láti máa bá wọn kà á ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ láì kúrò lórí àga rẹ̀, bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lè gbé àwòrán náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fóònù nìkan kò tó fún un. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé orí òkè náà láàárọ̀, kì í dúró jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ó di dandan kí wọ́n fi áńtẹ́nà so òkè mọ́ ìlú. Wọ́n béèrè ẹni tó lè ṣe é. Kò sí ẹlòmíràn ju Bàbá Abọ́sẹ̀dé lọ.

Ó gbà á. Inú rẹ̀ dùn sí i ju bí ó ṣe fi hàn lọ. Ó ṣe pánẹ́ẹ̀lì méjì. Ọ̀kan yóò wà lórí òpó irin ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ìlú ti wọlé, èkejì yóò wà lórí òrùlé ilé ìwòsàn. Òun fúnra rẹ̀ kò gun òkè lọ. Ó ní eékún òun kò gbà á. Bóyá eékún ni lóòótọ́, bóyá ọkàn ni kò tíì ṣe tán láti gùn ún. Ó fi pánẹ́ẹ̀lì ti òkè rán ọlọ́kadà, ó sì kọ ìwé mọ́ ọn: “Mo fín ọfà kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orí ọfà náà ni kó kọjú sókè. Ẹ má fi ọgbọ́n orí tiyín ṣe é.”

Abọ́sẹ̀dé àti kápẹ́ńtà orí òkè ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gun òrùlé. Wọ́n ṣe é bí ó ṣe wí.

Nígbà tí ó kan ti ìlú, Bàbá kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ pátákó ìpolówó. Ó ní kí ó bá òun kọ orúkọ òun àti nọ́ńbà fóònù òun sójú ike funfun náà pẹ̀lú ọ̀dà pupa, nítorí pé ọ̀nà tí ọkọ̀ ìlú mẹ́rin ń gbà kọjá ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò sí aburú nínú ìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè jẹ́ kí wọ́n mọ òun. Ṣùgbọ́n òòró pánẹ́ẹ̀lì náà àti ìbú rẹ̀ dọ́gba. Láti iwájú, kò sí ohun tó fi orí rẹ̀ hàn yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọfà ẹ̀yìn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé pátákó kò sì mọ̀ pé ọfà kankan wà lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀ ni ó ṣe kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá gbé e gun òpó. Aránṣọ òdìkejì títì dúró nísàlẹ̀, ó ń bá a wò ó.

“Ṣé ó gún?” Bàbá pariwo láti òkè.

“Apá ọ̀tún ṣì tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀. Háà, ó ti gún! Ẹ̀ńjíníà, mò ń ka nọ́ńbà yín látibí láì lo awò!”

Bàbá fi sípánà fún nọ́ọ̀tì méjèèjì tó so pánẹ́ẹ̀lì náà mọ́ òpó pinpin. Orúkọ rẹ̀ gún régé. Irin tó di pánẹ́ẹ̀lì náà mú ti bo ọfà ẹ̀yìn rẹ̀, òun náà kò sì wá a. Kí ló fẹ́ wá a fún? Òun ló fín in.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tan àpótí rédíò méjèèjì tó ń bá pánẹ́ẹ̀lì ṣiṣẹ́, ọ̀kan ní ìlú, ọ̀kan lórí òkè. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tó wà lára àpótí rédíò tàn, ó kú, ó tún tàn, ó tún kú. Àwòrán kan gbéra láti orí òkè, kò dé ìdajì tó fi dúró. Abọ́sẹ̀dé pè.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi. A ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Tiwa, orí ọfà kọjú sókè. Tiyín ńkọ́?”

“Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ áńtẹ́nà? Àbí wọ́n ti ń gé bàbà lórí òkè níbẹ̀ ni? Ẹ kọjú ẹ̀ síbí dáadáa!”

“Ó kọjú síbẹ̀, Bàbá. Mò ń rí òpó yín láti ibi tí mo dúró sí.”

“Mo ní ẹ tún kọjú ẹ̀ síbí!”

Wọ́n tún un kọjú síbẹ̀. Kò yàtọ̀.

Ní Ọjọ́rú, Bàbá so irin mìíràn mọ́ orí òpó náà, ó fi gíga kún gíga. Ó tú pánẹ́ẹ̀lì, ó gbé e sókè, ó tún ní kí aránṣọ bá òun wo orúkọ òun, kó má baà wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sábẹ́ igi mángòrò ń wò ó.

“Ẹ̀ńjíníà,” ni aránṣọ wí, “àbí ọ̀run gan-an lẹ fẹ́ pè? Ẹ bá wa kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀.”

“Máa rán ṣòkòtò ẹ.”

“Mo ti rán an tán. Òpó yín ni mi ò mọ ìgbà tí yóò tán.”

Nígbà tí gíga kò ṣe nǹkan kan, Bàbá fi agbára kún un. Ó sún agbára rédíò náà lọ títí dé ibi tó parí sí. Àpótí náà gbóná débi pé ènìyàn lè dín ẹyin lórí rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé náà tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, ọkàn Bàbá fò sókè, ó sì kú. Gbogbo ohun tó ń jù lọ ń dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò lè gbà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, Abọ́sẹ̀dé tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà kọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Aláboyún kan wà níbí. Ìkẹta rẹ̀ nìyí. Méjì ìṣáájú ò dúró. Oyún ọ̀hún ti wọ oṣù tó máa bí i. Ọwọ́ tí mo fi kàn án sọ fún mi pé ọmọ náà dábùú. Bí ìrọbí bá mú un lórí òkè yìí, kò sí ohun tí mo lè ṣe fún un.”

“Kí ló dé tí wọn ò gbé e wá sí ìlú?”

“Ọkọ ẹ̀ ò gbà. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára obìnrin náà nígbà kejì. Ó ní bí dókítà bá fi ojú rí i, tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé kí wọ́n máa bọ̀, òun á gbé e. Ó ní ọwọ́ lásán ni tèmi. Mo pe dókítà, òun náà ní òun ò lè sọ ohun tí òun ò rí. Bàbá, ọ̀la ni Jímọ̀.”

Bàbá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tó tutù. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, “Ṣé o rò pé mo ń ṣeré níbí ni? Ojú mi ò kúrò lára nǹkan yìí láti ọjọ́ Ajé!” Ohùn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí aránṣọ fi gbé orí sókè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ ṣé, Bàbá mi,” ni ọmọ náà wí ní òdìkejì, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè kan, ó ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa áńtẹ́nà. Aṣọ ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n ó jókòó tì í.

“Bàbá Abọ́sẹ̀dé, kí ni ọmọ yín tiẹ̀ sọ?”

“Kí ni ì bá sọ? Ó ń ṣàròyé. Wọn ò mọ̀ ọ́n kọjú síbí, wọ́n wá fẹ́ kọ́ mi.”

“Èyí tí ẹ̀yin rò kọ́ ni mò ń bi yín. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ẹ̀ jáde ni mò ń bi yín. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́.”

Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ronú padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. “Ó ní... ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi. Ó ní a ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Tiwa, orí ọfà kọjú sókè. Tiyín ńkọ́?”

Ó gbọ́ ọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sọ ọ́ fún un, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ, láti ẹnu ara rẹ̀. Òkèlè dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó bi yín ní ìbéèrè nìyẹn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Kí lẹ dá a lóhùn?”

“Mo ní ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ áńtẹ́nà.”

“Ta ló kọ́ ọ? Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ìwé sí i?”

Ó da òkèlè padà sínú àwo, ó fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gun òpó náà pẹ̀lú sípánà kan ṣoṣo. Kò wo iwájú pánẹ́ẹ̀lì náà rárá. Ó ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, sábẹ́ irin tó dì í mú, ó ń fi ìka wá ọfà tí òun fúnra rẹ̀ fín. Ìka rẹ̀ rí i. Orí ọfà náà kò kọjú sí ojú ọ̀run. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni ó ń nà sí. Láti ọjọ́ Ajé ni pánẹ́ẹ̀lì náà ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ó di irin òpó mú, ojú tì í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wò ó. Nítorí ó mọ̀ ọ́n. Kò sí oníṣẹ́ áńtẹ́nà tí kò mọ̀ ọ́n. Bí áńtẹ́nà bá ṣe dúró ni ìgbì tó jáde nínú rẹ̀ ṣe máa ń dúró. Èyí tó wà lóòró ń jù ú lóòró, èyí tó dábùú ń jù ú níbùú. Obìnrin tó ru ìdì igi gígùn tó dábùú lórí kò lè gba ẹnu ọ̀nà tóóró wọlé. Kì í ṣe pé ilẹ̀kùn tì. Kì í ṣe pé obìnrin náà kò lágbára. Bí ó bá fi agbára kún un, bí ìdì igi náà yóò ṣe máa lu ògiri nìyẹn. Kó yí igi náà ló kù.

Ó tú nọ́ọ̀tì méjì. Ó yí pánẹ́ẹ̀lì náà títí ọfà fi kọjú sókè. Ó fún wọn padà. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn yóò fi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ.

Aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn. Ó wòkè, ó kígbe. “Ẹ̀ńjíníà! Orúkọ yín ti ṣubú o! Ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀!”

“Jẹ́ kó sùn.”

“Àwọn èèyàn á ṣe kà á?”

“Kí wọ́n yí ọrùn.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dín agbára rédíò náà kù sí ibi tí ó yẹ kó wà. Iná aláwọ̀ ewé náà tàn. Ó dúró. Bàbá náà dúró, ó ń wò ó, ó ń retí kó kú. Kò kú. Ó mú fóònù.

“Abọ́sẹ̀dé.”

“Bàbá mi, ẹ káàárọ̀.”

Ẹnu rẹ̀ ti là láti pàṣẹ. Ó pa á dé. Ó tún un là. “Tiwa ti wà bó ṣe yẹ báyìí. Tiyín ńkọ́?”

Ọmọ náà kò gbọ́ irú ohùn yìí rí láti ẹnu bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá òun ni lóòótọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí tiwọn ṣe rí: iná wọn ti dúró, àwòrán ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, obìnrin náà ti dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù sì ń ba òun náà. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí ó di aago mẹ́wàá, dókítà wo àwòrán náà láti ìlú. Kò pẹ́ lórí rẹ̀ rárá. Ọmọ náà dábùú gbalaja, orí rẹ̀ wà lápá òsì ìyá rẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. “Nọ́ọ̀sì, bí ọwọ́ yín ṣe sọ ọ́ náà ló rí,” ni ohùn dókítà wí nínú yàrá orí òkè. “Ọkọ ẹ̀ dà? Ẹ gbé e wá lónìí yìí. Kì í ṣe lọ́la. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ wá ọkọ̀, ẹ tẹ́ nǹkan sínú ẹ̀, kí nọ́ọ̀sì bá yín wá. A óò ti múra dè yín.”

Ọkọ obìnrin náà bọ́ fìlà. “Mo ti gbọ́, Dókítà,” ni ó wí. Ó yíjú sí Abọ́sẹ̀dé. “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ẹ ti sọ ọ́.”

Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára iná kékeré náà. Kò gé bàbà kankan. Nígbà tí wọ́n wá bá a pé tẹlifíṣọ̀n àwọn kò mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá lọ́la.

Ọ̀sán pọ́n kí ọkọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó yọ lójú ọ̀nà òkè. Jẹ́jẹ́ ni ó ń rìn, bí ẹni tó gbé omi kún àwo. Tìmùtìmù wà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé jókòó, ó gbé orí obìnrin náà lé itan. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ojú sókè wo òpó. Ó rí orúkọ bàbá rẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Ó yí ọrùn bí adìyẹ tó ń wo àwòdì, ó kà á. Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń ronú ohun tí òun yóò kí i. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè, ọmọ náà sì gbé tirẹ̀ sókè. Ọkọ̀ kọjá.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tuntun náà kígbe kí wọ́n tó gbé e jáde tán. Ọkùnrin ni. Ìyá rẹ̀ yè.

Orúkọ Bàbá Abọ́sẹ̀dé ṣì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí òpó náà títí di òní. Akọ̀wé pátákó ti wá bẹ̀ ẹ́ pé kí òun wá fi ọ̀dà tún un kọ lọ́fẹ̀ẹ́, Bàbá ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò di ẹni jẹ́jẹ́ o. Ó ṣì ń pariwo mọ́ aránṣọ, aránṣọ náà sì ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pe òkè, ìbéèrè ni ó máa ń fi bẹ̀rẹ̀, á sì dúró de ìdáhùn.

Ọmọ mi, ìwọ ni mo ń sọ èyí fún. O ti dàgbà, o ti bí ọmọ, mi ò lè pè ọ́ sórí ẹní mọ́ láti bá ọ wí. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi ní ọjọ́ Àìkú pé o ti bá ọmọbìnrin rẹ sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, pé kò gbọ́, pé etí rẹ̀ di. Ohùn rẹ ga bí o ṣe ń sọ ọ́. Mo gbọ́ ẹnì kan tó rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ, oorun kò sì fi bẹ́ẹ̀ kùn mí láti ìgbà náà.

Wo áńtẹ́nà méjì yẹn. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti kọjú síra wọn. Kò sí òkè láàárín wọn, kò sí igi. Ọ̀kan ń rí èkejì. Agbára wà, gíga wà, àtinúwá wà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò wọlé, nítorí pé ọ̀kan dúró lóòró, èkejì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Èyí tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ náà ló ń pariwo. Kò mọ̀, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni ó fi ń wọn ara rẹ̀, orúkọ náà sì gún. Ìwọ náà ní orúkọ tó gún. Bàbá ni ọ́. Ẹni tó ń wò ọ́ láti ìta yóò sọ pé kò sí ibi tí o ti wọ́. Ẹ̀yìn rẹ ni kí o fọwọ́ kàn.

Má bínú sí mi. Èmi náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ lo sì dúró lóòró tí ò ń dúró dè mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ìtàn yìí.

Kí o tó sọ ọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún ó lé kan, jókòó, kí o tún ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ sọ kẹ́yìn sọ sí etí ara rẹ. Má sọ èyí tí o rò pé ó ní lọ́kàn. Sọ èyí tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí ó ṣe sọ ọ́. Bí ìbéèrè bá wà nínú rẹ̀ tí o kò tíì dáhùn, ibẹ̀ gan-an ni nọ́ọ̀tì wà. Méjì péré ni wọ́n. Lọ tú wọn lónìí, kí ọ̀la tó di Jímọ̀.